Ìbọn Wo Ni Kí N Fi Kún Èyí Tí Mo Ní? Ìtọ́sọ́nà fún Ọdẹ àti Oníbọn Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́nà oko, wọ́n ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà ọjà Àtákúnmọ́sà, wọ́n sì ti bi mí níbi ìsípà ọdẹ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní ìbọn kan. Èwo ni kí n fi kún un?" Àwọn kan ní ṣakabùlà tí bàbá wọn fi sílẹ̀, wọ́n ń fojú sí ẹlẹ́nu méjì. Àwọn kan ní ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ kátíríìjì, àmọ́ ìbọn ìlewọ́ tí wọ́n rí nínú sinimá ló gbà wọ́n lọ́kàn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Atlanta náà ń pè mí lóru, torí pé wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni mí.

Èmi kì í kọ́kọ́ béèrè irú ìbọn tó wù yín. Èyí tó wà nílé yín ni mo máa ń ní kí ẹ gbé jáde kí n rí. Ìbọn àkọ́kọ́ ló máa sọ irú èyí tí ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́: ọta tó ń jẹ, iṣẹ́ tí kò lè ṣe, àti ibi tó ń sùn lálẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì ló fi sí i. Mo máa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin gbà

Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ló ṣì ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí.

- Èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Gbogbo ìbọn ìlewọ́ wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bírí bírí, ìbáà jẹ́ èyí tí a ń ti ọta bọ̀ láti ìdí, títí kan ìbọn ìlewọ́ ayé àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná. Ìbọn ológun àti arọ̀jò ọta wà pẹ̀lú wọn. Láìsí àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní in. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n tí òfin là sílẹ̀ fún un kò dín ní ọdún 10.
- Ìbọn àdáni. Ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tó ń jẹ kátíríìjì wà níbẹ̀, ìbọn ọdẹ gígùn tí wọ́n ń pè ní ráífù, tí ọta rẹ̀ kì í ṣe ti ológun, wà níbẹ̀, ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ wọn ń wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá.
- Èyí tí a ń ki láti ẹnu. Ṣakabùlà nìyẹn. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Pé bàbá yín ò gba ìwé nígbà ayé rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí kò nílò ìwé.

Ẹ fi ojú sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, ìbọn pọ́ǹpù, tí a ń fa igi iwájú rẹ̀ kó tó ki ọta mìíràn, àti èyí tó ń ki ara rẹ̀ kò sí nínú ìbọn àdáni tí òfin yìí kà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Bí ẹnì kan bá fi lọ̀ yín, ẹ sọ pé rárá. Èkejì, ìwé àṣẹ ìbọn kan kò bo ìbọn kejì. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, nọ́ńbà ara irin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé dọ́gba.

Wọn kò ní fún yín ní ìwé bí:

- ọjọ́ orí yín kò bá tíì pé ọdún 17;
- ọpọlọ yín kò bá pé;
- ojú yín kò bá ríran dáadáa;
- ẹ bá jẹ́ ọ̀mùtí;
- wọ́n bá ti dá yín lẹ́bi ní kóòtù lórí ìwà ipá tàbí ìhàlẹ̀ láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń béèrè ìbọn ìlewọ́ ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ìdáhùn yín ti parí síbí. Ẹ má gbà kí alágbẹ̀dẹ kankan rọ ọ́ fún yín lábẹ́lẹ̀. Òfin kan náà fi ọwọ́ líle mú ẹni tó ń rọ ìbọn láìgbàṣẹ.

Ìgbésẹ̀ yíyàn

1. Ẹ kọ iṣẹ́ tó ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání fún oṣù kan gbáko. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí ẹran tàbí ẹyẹ tí ìbọn ọwọ́ yín ò lè pa, ẹ kọ ìdí rẹ̀. "Ọ̀yà sá nígbà tí mo ṣì ń ki ìbọn." "Òjò pa ẹ̀tù." "Àparò ga jù." "Ìbọn wúwo, ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ìdí odò." Níparí oṣù, ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìbòkun tó ti fẹ́ ra ẹlẹ́nu méjì rí i pé nínú ìgbà mọ́kànlá tí ẹran bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà mẹ́jọ ló jẹ́ pé iná orí rẹ̀ ló ń kú. Tọ́ọ̀ṣì tuntun ló rà.

2. Ẹ wo ọta tí ẹ ti ń rà. Bí ìbọn àkọ́kọ́ yín bá ń jẹ nọ́ńbà 12 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó), kí ìkejì náà jẹ nọ́ńbà 12. Mi ò mọ ìdí kankan tó lágbára tó láti rú èyí nínú igbó wa. Ọta kan ṣoṣo ló máa wà nínú apó yín, ẹ ò ní ṣì í mú lókùnkùn.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ara. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ọta kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ká apá, ẹ fi ìdí ìbọn sí ibi tí ìgúnpá ti ká. Ó yẹ kí oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá yín kan tírígà láìnà án tipátipá. Lẹ́yìn náà ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká, ẹ lajú. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti yí ọrùn kiri kí ojú tó bá bárẹ̀lì mu, igi ìbọn náà kì í ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ ìbọn àlòkù tó wọ ilẹ̀ wa ni wọ́n gbẹ́ fún ẹni tí apá rẹ̀ gùn.

4. Ẹ mọ ojú tó ń ṣe ọ̀gá. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré, ẹ fi ojú méjèèjì wo igi kan lọ́ọ̀ọ́kán láti inú ihò náà. Ẹ di ojú òsì. Bí igi náà bá ṣì wà níbẹ̀, ojú ọ̀tún ni ọ̀gá. Bí ó bá sọnù, ojú òsì ni. Ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn tí ojú òsì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá máa ń ṣi ẹran yìn, á sì máa rò pé ìbọn ló burú. Irú wọn ló máa ń ra ìbọn mẹ́ta láàárín ọdún méjì.

5. Ẹ gbé e rìn. Ẹlẹ́nu méjì lè wọ̀n tó kílò 3 sí 3.5. Ìyẹn kò ju ọmọ tuntun lọ nígbà tí ẹ bá gbé e nínú ilé. Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn gun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà fún wákàtí kan pẹ̀lú apó ọdẹ lọ́rùn, kí ẹ tó sọ pé kò wúwo.

6. Ẹ ka owó náà tán. Owó ìbọn, owó ìwé, owó ọta, owó àpótí onírin, owó epo àti aṣọ tí a fi ń nù ún. Èmi máa ń gba èèyàn níyànjú pé bí owó ìbọn bá jẹ́ náírà 10, kó ní 4 mìíràn nílẹ̀. Ẹ má sì ra ìbọn láwìn. Aṣọ ni òṣómàáló ń tà láwìn. Ìbọn tí ẹ ò tíì san tán ṣì ní ẹlòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní olówó rẹ̀, ìwé yín ò sì lè mọ́ pẹ̀lú ìyẹn.

7. Ìwé kó ṣáájú. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò yín, kí Olúọdẹ mọ̀ pé ẹ fẹ́ gba ìbọn kún ìbọn. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ń ṣàkóso àdúgbò yín. Wọ́n á sọ ohun tí ẹ máa kó lọ sí orílé-iṣẹ́ wọn ní Òṣogbo. Ẹ san owó sí ibi tí wọ́n bá kọ sórí ìwé, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín gba ìwé láìjẹ́ pé ẹ yọjú, ẹ jìnnà sí i. Nígbà tí ìwé bá dé ni kí ìbọn tó wọlé.

Àṣìṣe tó gba ìka méjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹlẹ́nu kan nọ́ńbà 12. Ó ra ìkejì, nọ́ńbà 20, torí pé ó fúyẹ́, igi rẹ̀ sì ń dán. Inú apó kan ṣoṣo ló ń kó ọta méjèèjì sí.

Nọ́ńbà ìbọn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí pé bí nọ́ńbà bá ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ìṣirò òjé ni: nọ́ńbà 12 túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù òjé méjìlá tó ṣe wẹ́kú ihò náà máa wọ̀n páùn kan. Ihò nọ́ńbà 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5. Ti nọ́ńbà 20 jẹ́ 15.6. Bí ẹ bá fi kátíríìjì 20 sínú ìbọn 12, kò ní jábọ́ síta, kò sì ní dúró sẹ́nu ibi tó yẹ. Ó máa yọ̀ wọnú bárẹ̀lì, á há sáàárín.

Bó ṣe rí nìyẹn lóru ọjọ́ náà. Ó fa tírígà, kò dún. Ó ṣí ìbọn, kò rí nǹkan kan, ó rò pé òun gbàgbé láti ki í ni. Ó fi kátíríìjì 12 sí i. Nígbà tí ìyẹn dún, ó bá èyí tó há níwájú rẹ̀, bárẹ̀lì sì fọ́ sí i lọ́wọ́ òsì.

Ìdí yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe kátíríìjì fi ń kun nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Àmọ́ lábẹ́ iná orí, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ta ló ń wo àwọ̀?

Bí ẹ bá ti ní oríṣi méjì nílé tí ẹ ò sì lè ta ọ̀kan:

- apó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀;
- ìbọn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà lọ sóko;
- kí ẹ tú àpò ẹ̀wù àti apó wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó jáde;
- bí ìbọn bá kọ̀ láti dún, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀ níbi tí kò sí èèyàn, ẹ ka 30 sí 60 kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì wo inú bárẹ̀lì já láti ìdí kí ọta mìíràn tó wọ̀ ọ́.

Gígùn kátíríìjì náà ṣe kókó. Mìlímítà 70 wà, 76 náà wà. Ìbọn àtijọ́ mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ 65 ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára bárẹ̀lì. Kátíríìjì tó gùn ju ilé rẹ̀ lọ lè wọlé wẹ́rẹ́, torí pé ẹnu rẹ̀ ká sínú kó tó dún. Ìgbà tó bá ń là ni kò ní í rí àyè. Agbára tó pọ̀ jù á wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó yìn ín.

Irú ìbọn àti iṣẹ́ tó bá a mu

*Ẹlẹ́nu kan, nọ́ńbà 12.* Fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ṣakabùlà, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó fúyẹ́, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, òjò kò rí i mú bí ó ṣe ń mú ẹ̀tù. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ọta wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

*Ẹlẹ́nu méjì, tí àwọn mìíràn ń pè ní dọ́bù bárẹ̀lì.* Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí pé ọta kejì wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu méjì, wọ́n fún ẹnu bárẹ̀lì kan pọ̀ ju èkejì lọ: ọ̀kan fún ẹran tó wà nítòsí, ọ̀kan fún èyí tó jìnnà díẹ̀. Ẹnu tí wọ́n fún pọ̀ pátápátá máa ń kó nǹkan bí 70 nínú 100 ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 76, láti ibi mítà 36. Ẹnu tí kò fún rárá máa ń tú wọn ká kó tó dé ibẹ̀. Nínú igbó kòkó wa, níbi tí ẹ kì í ti rí ẹran kọjá ogún ìgbésẹ̀, ẹnu tó ṣí ló wúlò jù. Bí owó yín bá tó ẹlẹ́nu kan tó dára tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ti gbó, ẹ ra ẹlẹ́nu kan.

*Ìbọn afẹ́fẹ́.* Àwọn èèyàn ń fojú ìṣeré wò ó, òfin kò sì wò ó bẹ́ẹ̀: ó wà lára ìbọn àdáni, ó nílò ìwé. Àmọ́ fún àgbẹ̀ tí ẹyẹ ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, tí òkété sì ń hú ẹ̀gẹ́, òun ló bọ́gbọ́n mu jù láti fi kún ṣakabùlà. Ọta rẹ̀ máa ń jẹ́ mìlímítà 4.5 tàbí 5.5. Ẹ mú 5.5 bí òkété bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lè fọ́ ojú ọmọ, nítorí náà ẹ tì í mọ́nú àpótí bí ìyókù.

*Ṣakabùlà fún ẹni tó ti ní ìbọn kátíríìjì.* Ìwúde Ìjẹ̀ṣà, ọdún Ògún, ìsípà ọdẹ tó ti lọ, ọdún Ọlọ́jọ́ fún àwọn ará Ifẹ̀: ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń dùn. Bí iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ bá jẹ́ èyí, ó tó iṣẹ́. Ẹ̀tù nìkan ni kí ẹ ki sí i lọ́jọ́ ọdún, láìsí ọta, láìsí òkúta. Kódà bẹ́ẹ̀, ohun tí a fi dí ẹ̀tù máa ń jáde pẹ̀lú iná, ó sì lè dọ́gbẹ́ sí ẹni tó dúró nítòsí. Ẹ kọjú rẹ̀ sókè síbi tí kò sí ilé.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò ní yé sọ: ẹ má tú kátíríìjì láti kó ohun inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú àti ohun tó wà nínú kátíríìjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Agbára tí ìkejì ní kò bá irin ṣakabùlà mu rárá. Mo ti rí bárẹ̀lì tó là bí òdòdó nítorí èyí.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ mú àgbà ọdẹ kan dání. Ẹ lọ lọ́sàn-án. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹni tó ń tà á ṣí i kó sì fi hàn yín pé òfìfo ni.

1. Ẹ wo inú bárẹ̀lì láti ìdí, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ó yẹ kó máa dán bí òrùka. Àmì dúdú tó jin jẹ́ ìpẹtà tó ti jẹ irin. Bí ẹ bá rí òrùka òjìji kan ní ibì kan ṣoṣo, irin ti wú síbẹ̀ rí. Ẹ fi sílẹ̀.
2. Ẹ fi ìka pa ìta bárẹ̀lì láti ìdí dé ẹnu. Ẹ wá ibi tó wú tàbí tó tẹ̀.
3. Ẹ pa á dé, ẹ dì í mú níbi igi iwájú, ẹ mì í. Bí ìdí bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ó ti gbó.
4. Ẹ wo igi níbi tó ti pàdé irin. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń là. Wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọn kì í ṣe àtúnṣe.
5. Ẹ ka nọ́ńbà ara irin síta, kí ẹlòmíràn máa ka ti inú ìwé. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìbọn yẹn ti pa èèyàn.

Wọ́n lè sọ pé "ìwé rẹ̀ wà nílé, màá mú un wá lọ́la". Ẹ jẹ́ kí ọ̀la dé.

Bí ìbọn bá jẹ́ ogún

Ọ̀nà yìí ni ìbọn kejì fi ń wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Iléṣà, bí ẹ bá sì ń lọ sí Ifẹ̀ ẹ máa bá a bẹ́ẹ̀. Bàbá kú, ẹbí pín ilẹ̀ kòkó, wọ́n ní kí Dáwódù máa gbé ìbọn lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n lò.

Ìwé bàbá kì í ṣe ìwé ọmọ. Ní kété tí ìsìnkú bá ti parí, kí ẹbí fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí, kí ìbọn wà níbi tí wọ́n bá ní kó wà títí ìwé tuntun á fi jáde lórúkọ ẹni tó máa ni ín. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ lè fà á lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ fi sọ́kàn pé ṣakabùlà tó ti wà lórí àjà fún ọdún mẹ́wàá lè ṣì ní ẹ̀tù nínú. Ẹ má fi iná yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ̀ ọ́, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ wá fi ọ̀pá náà wọ̀n ọ́n níta. Bí kò bá dé ìdí, nǹkan wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé amọ̀ tí kòkòrò kọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀tù. Àgbà ọdẹ ni kí ẹ pè.

Ẹ̀yin tó wà l'Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ ìbọn ìlewọ́

Níbẹ̀, òfin gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àbúrò mi kan ní Houston ti ní mẹ́rin, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mò ń sọ yìí.

1. Irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè rà. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, òfin àpapọ̀ kò gbà fún un láti ní ìbọn, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹ má tan ara yín jẹ lórí èyí. Ó lè di ẹ̀wọ̀n, ó sì lè di ìdápadà sílé.
2. Ọjọ́ orí. Lọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, ọdún 21 ni fún ìbọn ìlewọ́. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Ẹ má ra ìbọn lórúkọ ara yín fún ẹlòmíràn tí kò lè rà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.
3. Ẹ yá a kí ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ń yá èèyàn ní ìbọn. Ẹ yin ọta 50 ó kéré tán. Bí ọwọ́ bá ń dùn yín nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọta tán, ìbọn náà kì í ṣe tiyín.
4. Ẹ di ẹ̀yìn ìbọn mú. Ìka yín gbọ́dọ̀ dé tírígà láìjẹ́ pé ẹ yí ọwọ́ padà. Ìbọn kékeré tó fúyẹ́ máa ń ta ọwọ́ ju ìbọn ńlá lọ bí ọta wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni olùtajà máa ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ̀, torí ó kéré. Ẹ kọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi yìn ín.
5. Ọta kan náà. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń jẹ ọta 9 mm, ìkejì rẹ̀ jẹ́ .22 fún ìdánrawò, torí ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í ta ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, 9 mm ló tún rà.
6. Bí ẹ bá ń kó o jọ bí ohun àtijọ́, ẹ mú okùn kan ṣoṣo dání: ilé iṣẹ́ kan, tàbí sáà kan, tàbí irú ọta kan. Ẹni tó bá ń kó Colt 1911, tó ń jẹ ọta .45, jọ ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà ara àwọn ẹ̀yà rẹ̀ bára mu. Ẹ má fọ̀ ọ́ dán, ẹ má kùn ún. Àwọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ló ń mówó wá. Láísẹ́ǹsì pàtàkì kan wà fún olùkójọ ìbọn tó ti lé ní ọdún 50.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ má ní kí ọmọ yín kó ìbọn sínú àpótí wá sí Iléṣà fún Kérésìmesì. Ohun tó jẹ́ àdáni lọ́hùn-ún di èèwọ̀ ní kété tó bá ti balẹ̀ sí Èkó.

Ilé tí ìbọn méjì ń gbé

Ìbọn kan lè wà ní kọ̀rọ̀ yàrá kí gbogbo ilé mọ ibẹ̀. Tó bá di méjì, ẹ ní láti ṣètò.

- Àpótí onírin, kí wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ ògiri. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ìkejì níbi tí ìyàwó tàbí ọkọ nìkan mọ̀.
- Ọta nínú àpótí mìíràn, nínú yàrá mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀tù jìnnà sí ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀.
- Ìwé àṣẹ nínú ọ̀rá, ẹ̀dà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe sórí kàlẹ́ńdà ilé.
- Ẹ má gbé ìbọn sùn nínú àpò awọ nígbà òjò. Awọ ń fa omi, irin á pẹtà.
- Lọ́jọ́ tí ẹ bá yin ṣakabùlà ni kí ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ fi epo pa á. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ̀tù tó kù níbẹ̀ á ti fa ìrì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbọn tuntun

Ẹ má gbé e lọ sígbó lóru. Ẹ lọ lọ́sàn-án sí ibi tí òkè amọ̀ wà lẹ́yìn, tí ọ̀nà oko kò gbabẹ̀ kọjá. Ọta wẹ́wẹ́ pàápàá lè rìn kọjá mítà 200. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ọdẹ àti àgọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ dí etí, torí ariwo ìbọn kan ṣoṣo tó láti ba etí jẹ́. Ẹ gbé páálí ńlá kan kọ́, ẹ yìn ín láti 10 ìgbésẹ̀, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 40. Páálí tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ àti irú ọta sára rẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ibi tí ihò ọta bá ti tú ká débi pé ọ̀yà lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfarapa ni òpin agbára ìbọn yín. Ẹ ka ìgbésẹ̀ náà, ẹ fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí ọta.